Barcelona: Níbi tí wọ́n ti ń dé fóònù ládé

Bí wọ́n bá dárúkọ Barcelona fún àwọn èèyàn wa, bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn. Wọn ò sì jẹ̀bi. Ìlú yìí ni Emmanuel Amuneke gbá bọ́ọ̀lù lọ lọ́dún 1996, ibẹ̀ náà ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, dé lọ́dún 2019, tó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ Champions League àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀mejì, ní 2021 àti 2023, kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 2024. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á tún rántí Òlíńpíìkì ọdún 1992, nígbà tí Olapade Adeniken àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gba fàdákà nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí Mary Onyali àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ tiẹ̀ náà sì gba idẹ, ní pápá ìṣeré tó wà lórí òkè Montjuïc.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá balẹ̀ sí Barcelona níparí oṣù kejì tàbí níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa bá lẹ́nu wọn. Fóònù ni. Àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé ńlá tí wọ́n ń pè ní Mobile World Congress, níbi ìpàdé ọ̀hún ni wọ́n sì ti ń pín àmì-ẹ̀yẹ GLOMO, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń lé bí ẹni ń lé ẹran ìgbẹ́. Láti pápákọ̀ òfurufú El Prat lẹ ó ti mọ̀ pé òde ń bẹ nílùú. Àwọn ọkùnrin onísúùtù àtàwọn obìnrin tó ń fa àpótí onítáyà á máa sáré bọ̀, káàdì ìdánimọ̀ á máa jù fìrìfìrì lọ́rùn wọn bíi ti ọmọ iléèwé. Owó òtẹ́ẹ̀lì á ti gun òkè àjà. Yàrá tí ẹnikẹ́ni lè gbà nínú oṣù kìn-ín-ní, ọlọ́rọ̀ gan-an á fẹ́ ṣírò owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó san án lásìkò yìí.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, ẹ gbọ́ iye èrò ná. Lọ́dún 2019, àwọn tó wá síbẹ̀ lé ní 109,000. Lọ́dún 2024, wọ́n lé ní 101,000. Bí wọ́n bá ní kí irú èrò bẹ́ẹ̀ wá jókòó sí Teslim Balogun Stadium tó wà ní Sùúrùlérè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni pápá yẹn máa kún, èèyàn á tún ṣẹ́kù síta. Cannes, ìlú àwọn òṣèré sinimá nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ há mọ́ wọn, wọ́n sì kó o wá sí Barcelona lọ́dún 2006. Ẹsẹ̀ òkè Montjuïc ni wọ́n kọ́kọ́ lò, nítòsí Plaça d'Espanya, níbi tí òpó gíga méjì dúró sí bí ẹni ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọba. Nígbà tó di 2013, ibẹ̀ náà tún há, ni wọ́n bá kó lọ sí Fira Gran Via, ní L'Hospitalet, ìlú tó fara ti Barcelona bí Mushin ṣe fara ti Sùúrùlérè. Àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ ò lè ṣì í mọ̀, nítorí ilé gogoro pupa kan wà níwájú ẹ̀ tó lọ́ bí òwú. Toyo Ito, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló ya àwòrán ẹ̀.

Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní L9 ń gbé èèyàn láti pápákọ̀ òfurufú dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Oṣù kejì ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ìpàdé ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìpàdé yẹn gan-an ni wọ́n dúró dè, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba ò ní í fẹ́ kí ojú ti òun níwájú àlejò. Ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, kò sílùú tí kò sí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rélùwéè lè wọ takisí. Dúdú àti yẹ́lò ni takisí wọn, débi pé ọmọ Èkó tó bá rí i lókèèrè á fẹ́ẹ́ pariwo pé “Ọ̀ṣòdì wọlé!” Ẹ má fojú kékeré wo àwọn awakọ̀ yẹn o. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, wọ́n fi mọ́tò dí títì ńlá Gran Via fún ọjọ́ mélòó kan nítorí Uber àti Cabify, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn fi fóònù pe ọkọ̀. Ìjọba Catalonia wá ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é sílẹ̀, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 15 kó tó wọ̀ ọ́. Uber àti Cabify ní àwọn ò lè ṣe é, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìyẹn, nílùú kan náà, wọ́n pé jọ láti fún àwọn tó ń fi fóònù dá ohun tuntun sílẹ̀ ní àmì-ẹ̀yẹ! Ọdún 2021 ni Uber tó rọra padà wọlé. Ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nínú gbọ̀ngàn, ẹlòmíràn ń fi mọ́tò dínà fún un níta, nítorí oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ni.

Nínú Fira, ẹsẹ̀ á ro èèyàn. Gbọ̀ngàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀nà gígùn kan tí wọ́n gbé sókè ló so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí fóònù tó ń ká bí ìwé, irú èyí tí Huawei gbé jáde níbẹ̀ lọ́dún 2019. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń wá ibi tó máa ti ki fóònù ẹ̀ bọ iná, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí NEPA mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́. Èèyàn lè fi odindi ọjọ́ mẹ́rin rìn káàkiri ibẹ̀ kó má rí ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún. GSMA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lágbàáyé, ló ń ṣètò ẹ̀. Kì í ṣe fóònù nìkan ni wọ́n ń fún. Ti fóònù tó dáa jù wà níbẹ̀, ti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì wà, ti ẹni tó fi ẹ̀rọ ran ará ìlú lọ́wọ́ wà, kódà, wọ́n ní ti ìjọba tó ṣètò ọ̀rọ̀ tẹlifóònù dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà pé òun ṣe ohun àrà á kọ orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀, á kó ẹ̀rí ẹ̀ kalẹ̀, àwọn onímọ̀ àtàwọn oníròyìn tí wọ́n yàn á sì jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ díẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú jáde, lọ́jọ́ ìpàdé ni wọ́n tó máa ń kéde ẹni tó borí. Ariwo á sọ, fọ́tò á máa yọ mànà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á gun orí pèpéle, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ nígbà mìíràn. Lẹ́tà kan á kàn dé lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti yàn yín ní ọ̀gá àwọn olóòótọ́ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Inú yín á dùn, ẹ óò pe ìyàwó kó wá kà á. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ìwé kejì lẹ ó tó rí iye tẹ́ ẹ máa fi gba tábìlì. Ẹni tí kò bá sì san, olóòótọ́ mìíràn ti wà nílẹ̀ tó máa san án. Ti Barcelona ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ nǹkan wò ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọlá fún un. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá mọ́ bí omi òjò, ojú tó rí òní ló ní, kò ní ojú tó rí ọ̀la.

Ẹ wo àwọn fóònù tí wọ́n ti dé ládé níbẹ̀. Lọ́dún 2009, INQ1 ni wọ́n fún, fóònù kan tí wọ́n so Facebook mọ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò gbúròó ẹ̀ rí dòní. Lọ́dún 2010, HTC Hero ló gbà á. Lọ́dún 2011, ó kan iPhone 4. Ọ̀rọ̀ iPhone 4 yìí dùn ún gbọ́. Àwọn tó rà á nígbà tó jáde lọ́dún 2010 pariwo pé báwọn bá dì í mú lọ́nà kan, nẹ́tíwọ̀kì ń sá lọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí Apple fi ní kí oníbàárà wá gba àpò fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fún un ládé ní Barcelona. Ibi tó tún pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé Apple kì í gba ṣọ́ọ̀bù níbi ìpàdé yẹn. Ẹni tí kò pàtẹ lọ́jà ló kó àṣeyẹ ọjà lọ! Lẹ́yìn náà ni Samsung gbà á, Galaxy S II lọ́dún 2012, Galaxy S III lọ́dún 2013. Ó di 2014, HTC tún padà gbà á pẹ̀lú fóònù HTC One.

Ta ló ń gbé HTC kiri lónìí? Ẹ wo àdúgbò yín wò. Ilé-iṣẹ́ tó gba adé lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún márùn-ún, ọdún 2017 ló gbà láti ta apá kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe fóònù fún un fún Google, ní bílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀ dọ́là. Fóònù tó dáa ni HTC One, ẹni tó lò ó ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n adé ò dí ọjà lọ́wọ́ kó má kọ èèyàn sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Barcelona, kó kúrò ní Fira kó wọ rélùwéè lọ sáàárín ìlú. Ìlú yìí ní ayàwòrán-ilé kan láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Antoni Gaudí. Òun náà ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1882, tí iṣẹ́ ò tíì tán nídìí ẹ̀ lẹ́yìn 140 ọdún. Lójú títì Casp, nọ́ńbà 48, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Casa Calvet. Gaudí ló kọ́ ọ, òun sì ni ìjọba ìlú fún ní àmì-ẹ̀yẹ ilé tó dáa jù lọ́dún 1900. Èèyàn díẹ̀ ló ń dúró wò ó. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ síbi tí òmíràn wà, ní Passeig de Gràcia, nọ́ńbà 43. Casa Batlló lorúkọ ìyẹn. Òrùlé ẹ̀ rí bí ẹ̀yìn alángbá ńlá, bákónì ẹ̀ rí bí ojú eégún. Gaudí náà ló tún ìyẹn kọ́ láàrin 1904 sí 1906. Wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ ìlú, àmọ́ ilé mìíràn ni wọ́n gbé e fún. Lónìí, ilé tí wọn ò fún láwọ́ọ̀dù yìí ni èrò ń tò sí lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n sì ń san ju €20 lọ kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀. UNESCO náà kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2005.

Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe rí ní Barcelona lọ̀rọ̀ fóònù ṣe rí ní Áfíríkà. Fóònù tó tún ayé àwọn èèyàn wa ṣe kì í ṣe èyí tó rẹwà jù. Lọ́dún 2003, Nokia gbé fóònù kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní 1100. Kò ní kámẹ́rà, kò ní àwọ̀ lójú. Ohun tó ní ni bọ́tìnnì tí eruku ò lè tètè wọ̀, bátìrì tó ń pẹ́, àti iná tọ́ọ̀ṣì lórí. Ta ni kò mọ iṣẹ́ tí tọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe nílẹ̀ yìí? Wọ́n fi wá kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi gbẹ̀bí, wọ́n fi ka owó lọ́jà alẹ́. Èyí tí wọ́n tà nínú ẹ̀ lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 250. Nígbà tó di 2005, tí Nokia ta fóònù ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógbọ̀n-lé-… rárá, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́: fóònù tó pé 1,000,000,000 tí ilé-iṣẹ́ náà tíì tà láyé, Nokia 1100 ni, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rà á. Ẹni tó rà á kàn fẹ́ bá èèyàn ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Lọ́dún 2005 yẹn kan náà, nígbà tí ìpàdé ṣì wà ní Cannes, GSMA ṣe ohun kan tó yẹ ká yìn wọ́n fún. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣe fóònù wá díje, kí àwọn mọ ẹni tó lè ṣe fóònù tí owó ẹ̀ ò ní í tó $40 fún àwọn ìlú tí tálákà pọ̀ sí. Motorola ló borí. Ìdíje yìí ò ní ariwo bíi ti fóònù tó dáa jù, àmọ́ òun ló bi ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: èló ni?

Ohun kejì tó tún ayé ṣe, àwọn ará ìlú ló kọ́kọ́ ṣe é kí ilé-iṣẹ́ tó rí i. Ní Uganda, ní Ghana, ní Botswana, títí dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí, káàdì ìpè ti di owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọmọ tó wà n'Ékòó á ra káàdì, á họ ọ́, á ka nọ́ńbà ẹ̀ sétí onífóònù tó wà lábúlé, onífóònù á sì ka owó fún ìyá ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan níbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ní Kenya, Vodafone àti Safaricom bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan kan wò lọ́dún 2005, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n rò ni pé àwọn tó yá owó kékeré á máa fi fóònù san gbèsè wọn. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n rí i pé ó wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí wọ́n wá ṣí M-PESA fún gbogbo ayé lóṣù kẹta ọdún 2007, ìfowóránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi polówó ẹ̀. Lọ́dún 2010, ìwé ìròyìn The Economist ní London fún Nick Hughes àti Susie Lonie, àwọn òṣìṣẹ́ Vodafone tó darí iṣẹ́ náà, ní àmì-ẹ̀yẹ. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣu tó kọ́kọ́ ronú pé káàdì ìpè lè di owó, ta ló pè é gun orí pèpéle?

Ẹni tó bá wà ní Barcelona tó sì fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ ìfowóránṣẹ́ sílé ṣe rí, kó má lọ sí Fira. Kó kọjá sí El Raval, àdúgbò tó wà lápá ọ̀tún ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sétí òkun ní Las Ramblas. Àwọn ará Pakistan, Morocco, Philippines àtàwọn ọmọ Áfíríkà ló kún ibẹ̀. Ẹ lè jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì ra lójú, tí wọ́n da òróró ólífì lé, irú tí gbogbo ará Catalonia ń jẹ, kẹ́ ẹ sì rí oníṣu ní ìkọjá díẹ̀. Àdúgbò yìí ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní locutorio pọ̀ sí láyé ọjọ́sí. Àwọn àlejò á wọ inú àpótí onígi, wọ́n á pe ilé, wọ́n á san owó ìṣẹ́jú, wọ́n á tún fowó ránṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé kò jọ ti àwọn obìnrin onífóònù abẹ́ agboòrùn tó kún gbogbo ìkóríta wa lẹ́yìn tí GSM dé lọ́dún 2001? Nígbà tí WhatsApp dé, ọ̀fẹ́ dé, púpọ̀ nínú locutorio ti ìlẹ̀kùn, bí agboòrùn ṣe ká lọ́dọ̀ wa náà. Ohun tuntun kan kì í wọlé kó má ti ẹnì kan jáde. Wọ́n kì í ka orúkọ àwọn tó jáde níbi ìpínfúnni àmì-ẹ̀yẹ.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, sápá Barceloneta, ẹ óò rí àwọn ọmọkùnrin dúdú tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, tí wọ́n to bàtà, báàgì àti jẹ́sì bọ́ọ̀lù sórí ẹ̀. Okùn wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ yẹn. Bí ọlọ́pàá bá yọ, wọ́n á fa okùn, gbogbo ọjà á di ẹrù ẹ̀yìn, ó di eré. Senegal ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Òfin ilẹ̀ Sípéènì ní kí ẹni tí kò níwèé kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó lè tọrọ ìwé lọ́nà tí púpọ̀ wọn ń gbà. Ọdún 2025 ni wọ́n tó dín in kù sí ọdún méjì. Títí dìgbà yẹn, kò síṣẹ́ tó bófin mu fún wọn. Lọ́dún 2015, wọ́n kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣòwò sílẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n fún ọjà tiwọn lórúkọ, Top Manta, wọ́n ń ran aṣọ. Nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, àwọn tí ọlọ́pàá ń lé yìí ló jókòó sídìí máṣíìnì, wọ́n ń rán ìbòmú fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Lọ́dún 2021, wọ́n gbé bàtà tiwọn jáde. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn gbogbo, nítorí òun ló so wọ́n mọ́ ìyá wọn nílé. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dáa lọ́jọ́ tí ọjà tà, ẹbí kan jẹun ní Dakar.

Ọdún 2020 yẹn ni Barcelona fúnra ẹ̀ tó mọ bí òde yìí ṣe tó. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kejì, bí ó ṣe ku ọjọ́ méjìlá kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, GSMA kéde pé àwọn fagi lé e nítorí Kòrónà. Owó tí wọ́n ti ń retí pé ó máa wọ ìlú jẹ́ mílíọ̀nù €492, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tó máa mú wá lé ní 14,000. Gbogbo ẹ̀ fò lọ. Agbáwo, awakọ̀, obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ló jìyà ẹ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tí kò wọlé ló dun ìlú.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, físà Schengen ni kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lé, kẹ́ ẹ sì ti gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi di fóònù yín mú ní Las Ramblas àti nínú rélùwéè, nítorí àwọn jágùdà Barcelona ò yàtọ̀ sí ti Ìdúmọ̀tà. Èèyàn lè ti ibi tí wọ́n ti ń yìn fóònù jáde, kí wọ́n sì yọ tiẹ̀ lápò kó tó dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dágbére fún Barcelona, ẹ ṣírò owó kan wò. Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, GSMA kó ìpàdé tiwọn wá sí Kigali, ní Rwanda. Níbẹ̀, àwọn àtàwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Áfíríkà, tí MTN àti Airtel wà lára wọn, fẹnu kò lórí irú fóònù 4G olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fẹ́ kí àwọn aláṣẹ̀dá máa ṣe. Iye tí wọ́n ń lé ni $30 sí $40. Ẹ rántí pé $40 náà ni wọ́n ń lé ní Cannes lógún ọdún sẹ́yìn. Lóòótọ́, fóònù ìpè lásán ni ti ìgbà yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì sì wà nínú èyí. Àmọ́ lọ́dún 2005, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi N135 lọ. $40 á jẹ́ nǹkan bíi N5,400, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó kéré jù jẹ́ N7,500. Níparí ọdún 2025, dọ́là kan ti wà ní nǹkan bíi N1,450. $40 kan náà ti di N58,000, owó oṣù tó kéré jù sì jẹ́ N70,000. Ẹni tó bá ra fóònù tálákà nígbà yẹn, nǹkan bíi N2,100 ló kù lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi jẹun títí oṣù á fi parí. Ẹni tó bá rà á níparí ọdún 2025, N12,000 ló kù. Ẹ lọ bi ìyá onírẹsì ohun tí N12,000 lè ṣe fún ìdílé kan lóṣù.

Wọ́n á tún pé jọ ní Fira, nítorí àdéhùn wọn pẹ̀lú Barcelona dọdún 2030. Wọ́n á tún dé fóònù kan ládé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí owó ẹ̀ tó ra ọ̀kadà tuntun. Kò burú, ẹni ṣiṣẹ́ dáadáa yẹ lẹ́ni à á yìn. Ṣùgbọ́n fóònù tí oníṣu, akẹ́kọ̀ọ́ àti lébìrà lè rà láìfi ebi pa ọmọ, ẹni tó bá gbé ìyẹn dé ọjà wa kò ní í nílò ìgbìmọ̀ kankan. Àwọn ará ìlú á fi owó ọwọ́ wọn dìbò fún un, bí wọ́n ṣe dìbò fún Nokia 1100 lọ́dún 2005, tí kò sí ẹni tó bi wọ́n.